Ẹ̀rọ Omi Tó Wà Lábẹ́ Ọ̀dán

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fa omi ẹ̀rọ wọ abúlé dé ọ̀dọ̀ wa ní erékùṣù Tanna, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni ibi tí a fẹ́ kí ẹ̀rọ náà wà. Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ nakamal ni wọ́n ti bèèrè rẹ̀, lábẹ́ igi ọ̀dán ńlá tí àwọn ọkùnrin ti máa ń jókòó mu kava, àwọn ọkùnrin nìkan ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin ti lọ sóko iṣu. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn lójú, wọ́n wo ilẹ̀ tí wọ́n jókòó lé, wọ́n ní, "Ibí yìí náà ni." Bí wọ́n ṣe ri òpó ẹ̀rọ mọ́ abẹ́ ọ̀dán nìyẹn. Àwọn obìnrin ru iyanrìn àti sìmẹ́ńtì, àwọn ọkùnrin pa ẹlẹ́dẹ̀, gbogbo abúlé jó. Nalin náà jó. Ó lóyún Nauka nígbà yẹn, ó sì jó títí ìyálé rẹ̀ fi ní kó rọra, kó má baà bímọ sójú agbo.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò rántí lọ́jọ́ ijó ni pé obìnrin kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan nakamal bí oòrùn bá ti ń rọ̀. Bí ọkùnrin kan ṣoṣo bá ti gbé gbòǹgbò kava dé abẹ́ ọ̀dán báyìí, obìnrin kò ní gba ibẹ̀ kọjá mọ́, kò ní yọjú wò wọ́n, ariwo kankan kò sì gbọ́dọ̀ tibì kan wá. Kava kì í ṣe ọtí tí wọ́n ń mu pariwo. Ẹni tó bá mu ún, ètè rẹ̀ á kú, orúnkún rẹ̀ á rọ̀, etí rẹ̀ á là, á wá jókòó jẹ́jẹ́ máa tẹ́tí sí àwọn baba ńlá. Ajá tó bá gbó lásìkò yẹn, òkò ló máa fi jẹun alẹ́. Àṣà wa ni, Nalin kò sì bá àṣà jà. Wàhálà tiẹ̀ ni pé àárọ̀ ni obìnrin ń lọ sóko, ìrọ̀lẹ́ ló ń dé. Omi tó bá sáré pọn kó tó jáde, àwọn ará ilé á ti lò ó tán kó tó wọlé. Ìgbà tó wá nílò omi jù, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ di ti àwọn baba ńlá.

Odò ló kù, nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ́yìn oko kókò. Odò náà dára lójú. Ṣùgbọ́n bí òkè oníná bá ti húkọ́, eérú á bo omi náà, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ lókè odò kò sì mọ̀ pé ènìyàn ń bẹ nísàlẹ̀. Nauka kò tíì dá jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, tí ara rẹ̀ sì sú wìnnìwìnnì láti ọrùn dé ìdí. Nalin pọ̀n ọ́n, ó gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì yẹ ọmọ náà wò. "Ìyá Nauka, omi wo lẹ fi ń wẹ̀ ẹ́?"

"Omi odò."

"Ẹ má fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ má fi po oúnjẹ rẹ̀. Kí ẹ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fún un ní nǹkan jẹ. Ṣebí mo gbọ́ pé ẹ ti ní ẹ̀rọ lábúlé yín?"

"A ní ẹ̀rọ o," ni Nalin fèsì. "Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ ni kò ní wa."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni.

Bí Nalin ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú omi ẹ̀rọ sínú kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, fún ẹnu ọmọ nìkan. Èyí tí yóò fi wẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, tí yóò fi fọ aṣọ ìdí rẹ̀, tí yóò fi fọwọ́, kò sí. Ooru ọ̀sán á jó ọmọ náà, eérú á lẹ̀ mọ́ ọn lára, bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á figbe ta. Nauka kì í sunkún bí ọmọdé. Bí ẹni tí wọ́n ja ilẹ̀ baba rẹ̀ gbà ló máa ń ké. Abúlé á pa lọ́lọ́ nítorí kava, igbe Nauka nìkan á wá máa gba àárín igi lọ bá àwọn àgbà lábẹ́ ọ̀dán.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Nakou ọkọ rẹ̀ ti nakamal dé, ó rọra bẹ̀rẹ̀ wọ ilé ìdáná. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu kava kì í sọ̀rọ̀ sókè, ohùn Nakou kò sì ju ti eṣinṣin lọ.

"Ìyá Nauka."

"Bàbá Nauka, ẹ káàbọ̀."

"Bàbá Iolu ní ẹkún ọmọ yìí ń ba kava àwọn jẹ́." Bàbá Iolu ni olórí nakamal, ẹ̀gbọ́n baba Nakou sì ni.

"Kí ni wọ́n ní ká ṣe?"

"Wọ́n ní kó dákẹ́."

"Òun náà ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán yín."

Nakou wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, ó tún la ẹnu, Nakou sì sáré fi ọwọ́ bo etí. "Jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe é gan-an?"

"Ara ló ń yún un. Bí mo bá fi omi tó mọ́ wẹ̀ ẹ́, á sùn."

"Fi wẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

"Omi ọ̀hún dà?"

Nakou nawọ́ sí ọ̀nà nakamal, ó rántí, ó sì ká ọwọ́ rẹ̀ padà wálé.

"Ẹ̀yin ẹ bá mi pọn ọ́n bọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀," ni Nalin wí.

"Èmi? Kí n gbé korobá lójú àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi? Wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí iṣu tuntun fi máa jáde."

Mi ò ní purọ́ mọ́ Nakou, ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fi ewé bo korobá, ó gbé e bí ẹni tó jí i, àmọ́ kava ti wọ̀ ọ́ lórúnkún. Nígbà tó fi máa dé ẹnu ọ̀nà, omi tó ṣẹ́ kù kò ju èyí tí adìẹ lè mu lọ. Ṣòkòtò rẹ̀ ló pọn ìyókù wálé. Lẹ́yìn ìyẹn ni Bàbá Iolu fi ọ̀rọ̀ léde pé bí wọ́n bá tún gbọ́ igbe nígbà kava, abo ẹlẹ́dẹ̀ Nakou ni wọn yóò fi tu àwọn baba ńlá lójú.

Nalin gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Lispet, ìyálé rẹ̀, níbi tó ti ń rin iṣu tó fẹ́ fi ṣe laplap, oúnjẹ iṣu rírin tí a ń fi ewé wé sè. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí kọ̀rọ̀ ẹnu ni Lispet.

"Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ni Lispet wí. "Ọjà nìyẹn. Nakamal ńkọ́? Odidi àgbà jókòó yí ẹ̀rọ ká, orí ọmọ sì wọ́ síbẹ̀."

"Ìyálé mi, ẹ rọra sọ ọ́."

"Ta ló máa gbọ́? Kava kò tíì dé. Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

Okùn tí Lispet ń sá aṣọ sí ni Nalin ń wò. Kì í ṣe okùn. Páìpù rọ́bà dúdú tí àwọn òṣìṣẹ́ omi fi sílẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti orí òkè wá. Lispet ti ta á láti ara igi gbẹ̀rẹ̀fútù kan dé èkejì, èyí tó kù wà ní kíká lábẹ́ ilé rẹ̀, adìẹ ń yé sí àárín rẹ̀.

"Ìyálé mi, ẹ rántí ìgbà tí à ń ru iyanrìn? Lẹ́yìn ọ̀dán, nínú igbó, níbi tí páìpù ti yà wá sí nakamal, ẹnu kan wà níbẹ̀ tí wọ́n dí. Ọ̀gá wọn ní bí abúlé bá fẹ́ ẹ̀ka mìíràn lọ́jọ́ iwájú, ibẹ̀ ni ká ti fà á."

Lispet gbé iṣu sílẹ̀. "Wọ́n wí bẹ́ẹ̀?"

"Wọ́n wí i. Àwọn ọkùnrin ń wo ẹlẹ́dẹ̀ nígbà yẹn."

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ, nígbà tí ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá ewé laplap. Wọ́n tú ìdérí náà, omi sì tú sí Lispet lójú tó fi ṣubú jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín tí Nalin ní láti fi aṣọ dí i lẹ́nu. Wọ́n ti rọ́bà bọ ẹnu rẹ̀, wọ́n fi ìjàrá rọ́bà inú táyà so ó pinpin, wọ́n fi ewé bò ó, wọ́n sì fà á gba inú igbó títí dé ẹ̀yìn ilé ìdáná Nalin. Ó gé igi kékeré, ó fi dí ẹnu ọ̀hún. Bí wọ́n bá mọ̀ pé obìnrin méjì ló fa nǹkan láti ìdí nakamal, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan á di ọ̀rọ̀ àná.

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti lọ, tí abúlé ti dákẹ́, tí Nauka sì ń fa imú sókè bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Nalin yọ igi náà. Omi dà. Omi tútù, omi tó mọ́, tí kò ní eérú, tí kò rùn. Nalin fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tirẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì gbé ọmọ sábẹ́ omi. Ẹnu Nauka tó ti là fún igbe dúró bẹ́ẹ̀, ó wo omi, ó na ọwọ́ mú un, omi kò ṣeé mú, ó tún nawọ́. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré kan ni, ó dún bí ẹni ń mi ẹ̀wà nínú agolo. Omijé bọ́ lójú Nalin, ó sì jẹ́ kó máa bọ́, nítorí kò sí ẹni tó máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí omi yòókù.

Ọmọ sùn fọnfọn. Nakou dé, ojú rẹ̀ là bí ojú òwìwí.

"Ìyá Nauka, nǹkan ṣẹlẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Baba ńlá sọ̀rọ̀."

Nalin gbé ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"A ti mu tiwa tán," ni Nakou ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Bàbá Iolu tu kava ẹnu wọn sókè fún àwọn baba ńlá, wọ́n ní, 'Baba wa, à ń gbọ́ o.' Wọn ò tíì pa ẹnu dé tí ohùn kan fi dáhùn láti ibi ẹ̀rọ. Ó ní *gọ̀lọ̀*. Ó tún dákẹ́. Ó ní *gọ̀lọ̀ gọ̀lọ̀, họ̀ọ̀ọ̀*. Irun orí mi dìde."

Nalin mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ̀rọ nakamal kì í tì dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í, ó máa ń kán tó, tó, tó. Bí omi bá sá wá sọ́dọ̀ tirẹ̀ nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ tòkè á máa fà mu. Ó bu ètè jẹ.

"Kí lẹ rò pé baba ńlá sọ?"

"Ohun tí gbogbo wọn bi mí nìyẹn," ni Nakou wí, àyà rẹ̀ sì yọ síwájú díẹ̀. "Nítorí èmi ni mo sún mọ́ ẹ̀rọ jù. Mo ní mo gbọ́ ọ bí ẹni pé inú wọn dùn sí wa."

Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ Nalin di ẹni ńlá. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí Nauka bá ń wẹ̀, baba ńlá á fọhùn, Nakou á sì túmọ̀. Baba ńlá ní kí wọ́n tètè gbin iṣu. Baba ńlá ní kí wọ́n má mu sìgá lábẹ́ ọ̀dán mọ́. Nígbà kan, baba ńlá ní ẹni tó ń túmọ̀ fún òun yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń kọ́kọ́ gbé ahá àgbọn fún, kí àwọn àgbà yòókù tó mu. Nalin á gbọ́ gbogbo rẹ̀, á ní "Ẹ ẹ̀n?", á yíjú sí ògiri. Ara Nauka bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Ìgbẹ́ gbuuru náà dúró. Lispet náà ń wá gba omi, àwọn obìnrin ilé kejì mọ̀, ti ilé kẹta mọ̀, gbogbo wọn ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ẹnikẹ́ni kò sì tú àṣírí. Ẹlẹ́dẹ̀ Nakou ń sanra nínú ọgbà rẹ̀.

Ibi tí àṣejù wà ni pé àwọn obìnrin pọ̀ sí i lẹ́nu rọ́bà náà. Korobá kan tẹ̀ lé òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń fa omi pẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ òkè ń gbin pẹ́ sí i, títí ó fi di ìrọ̀lẹ́ kan tí Nakou wọlé láìsí ìgbéraga kankan lójú rẹ̀.

"Wọ́n fẹ́ hú ẹ̀rọ náà," ló wí.

Ọwọ́ Nalin dúró lára aṣọ ọmọ tó ń ká. "Ta ló fẹ́ hú u?"

"Gbogbo wa. Baba ńlá kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ ni, bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Bàbá Iolu ní ó yé àwọn wàyí. Irin tí a rì mọ́ ìdí ọ̀dán ló há wọn lọ́fun. Lọ́la, bí ilẹ̀ bá mọ́, a óò fi ọ̀pá irin hú u, a óò dí páìpù náà pa lókè, ká tu baba wa lára."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń túmọ̀ ńkọ́? Kí lẹ sọ?"

Nakou fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. "Mo ti túmọ̀ púpọ̀ jù, Ìyá Nauka. Bí mo bá ní n kò gbọ́ mọ́, wọ́n á bi mí nípa ti tẹ́lẹ̀."

Nalin wo Nauka tó sùn sórí ẹní, ikùn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Bó bá dákẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ nǹkan kan. Wọ́n á hú ẹ̀rọ, á padà sídìí odò, ara ọmọ á sì tún sú. Bó bá sọ̀rọ̀, òun ló fa rọ́bà láti ìdí nakamal, òun ló fi ohùn baba ńlá ṣe ẹlẹ́yà láìmọ̀, ọkọ rẹ̀ sì ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ẹni tó bímọ ọ̀ràn ló máa pọ̀n ọ́n, àmọ́ ọmọ gidi ló wà lẹ́yìn tiẹ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ó pọn Nauka, ó lọ dúró sí etí nakamal, níbi tí obìnrin lè dúró sí lójúmọmọ. Lispet ti mọ ohun tó máa ṣe. Àwọn ọkùnrin ti yí ẹ̀rọ ká, ọ̀pá irin ti wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Bàbá Iolu jókòó sórí gbòǹgbò ọ̀dán, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé àyà.

"Bàbá, ẹ kúùjókòó o," ni Nalin wí. Ó kúnlẹ̀. "Mo fẹ́ tọrọ ohun kan kí wọ́n tó hú u. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, lójúmọmọ, ká lè gbọ́ ọ ketekete."

"Baba ńlá kì í sọ̀rọ̀ lójúmọmọ, ìyàwó."

"Wọ́n á sọ ọ́ lónìí."

Ó gbé ohùn sókè. "Ìyálé mi o."

Láti ẹ̀yìn ilé ìdáná lọ́hùn-ún, Lispet yọ igi. Ẹ̀rọ náà mí. Ó ní *họ̀ọ̀ọ̀*. Ó ní *gọ̀lọ̀ gọ̀lọ̀*. Ọ̀kan nínú àwọn tó mú ọ̀pá irin ju tiẹ̀ sílẹ̀, ó sì ti sá dé ìdí igi àgbọn kó tó rántí pé òun tóbi.

"Ẹ dí i," ni Nalin tún wí. Ẹ̀rọ dákẹ́. "Ẹ ṣí i." *Gọ̀lọ̀.* "Ẹ dí i."

Nalin rìn yí ẹ̀yìn ọ̀dán ká, ó ká ewé kúrò, rọ́bà dúdú náà sì yọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kò fi ti nọ́ọ̀sì sílẹ̀, kò fi ti eérú sílẹ̀, kò sì dárúkọ obìnrin mìíràn mọ́ ara rẹ̀ àti Lispet. Nígbà tó parí, ẹnikẹ́ni kò wo ẹ̀rọ mọ́. Nakou ni gbogbo wọn ń wò.

"Nakou," ni Bàbá Iolu wí.

"Bàbá."

"Baba ńlá ní kí n máa gbé ahá mi fún ọ."

"Bàbá, mo rò pé bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyẹn."

Ẹ̀rín bú láti ẹ̀yìn, ó ràn, àfi Bàbá Iolu nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Nalin. "Ìyàwó, ṣé o wọ nakamal nígbà kava?"

"Rárá, Bàbá. Ẹsẹ̀ mi kò wọ̀ ọ́, ojú mi kò rí i. Omi nìkan ló rìn."

Bàbá náà na ọwọ́ sí rọ́bà náà, ó fi ìka kàn án, ó yọ ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń mu kava mi tí n kò gbọ́ igbe ọmọ," ló wí. "Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ baba mi pé ó bá wa rẹ ọmọ náà. Bí mo bá tu kava sókè, ìdúpẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ń ṣe. Gbogbo ìgbà yẹn, ìyá rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"A ní kí ọmọ dákẹ́. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó ń ṣe é."

Ó dìde, ó ní kí wọ́n gbé àwọn ọ̀pá irin yẹn, kí wọ́n má fi wọ́n ṣòfò, kí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ tí páìpù máa gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin, kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n sì tún ẹ̀rọ tó ń jò ṣe, nítorí kò fẹ́ kí baba òun tún máa sọ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé Nakou ló máa túmọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, níbo ni ká ri ẹ̀rọ tuntun sí?" ni ọ̀kan nínú wọn bèèrè.

Bàbá Iolu la ẹnu, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń nà lọ síbì kan. Ó wo ọwọ́ náà. Ó sọ ọ́ kalẹ̀. "N kò pọn omi rí láyé mi," ló wí. "Àwọn tó ń pọn ọ́n ni kẹ́ ẹ lọ bi."

Abẹ́ igi gbẹ̀rẹ̀fútù láàárín ilé ìdáná Nalin àti ti Lispet ni àwọn obìnrin ní kí ó wà. Wọ́n hun imọ̀ àgbọn yí apá kan ká fún ìwẹ̀, wọ́n so ọṣẹ rọ̀ nínú àwọ̀n kí adìẹ má gbé e lọ. Lispet wá ní àṣà kan yẹ ibẹ̀. Ó gbé òkúta funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ní bí obìnrin bá ti wà nídìí ẹ̀rọ, ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ ré òkúta náà kọjá. Àwọn ọkùnrin rò pé ó ń ṣeré. Bàbá Iolu ní àṣà ni àṣà ń jẹ́.

Òun náà ló kọ́kọ́ jẹ iyán rẹ̀ níṣu. Ó ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀rọ nakamal bàjẹ́ nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, omi tí wọ́n máa fi fún kava kò sí, oòrùn sì ti ń rọ̀. Bàbá Iolu gbé ọparun omi rẹ̀ wá, ó dé ibi òkúta funfun, ó dúró. Ó wúkọ́.

"Ta ló ń wúkọ́ níbẹ̀?" ni Lispet bèèrè láìyíjú. "Ẹ dákẹ́ jọ̀ọ́. À ń tẹ́tí sí àwọn ìyá ńlá."

Bàbá Iolu dákẹ́. Ó dúró pẹ̀lú ọparun lọ́wọ́ bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́, títí Nalin fi ṣàánú rẹ̀, tó jáde wá bá a, Nauka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, omi ṣì ń kán lára ọmọ náà.

"Bàbá, ẹ bá mi gbé e, kí n lè bu omi yín."

Bàbá náà gba ọmọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó ti máa ń sú. Ó ń dán bí ewé kókò. Nauka di irùngbọ̀n rẹ̀ mú, ó fà á, ó wò ó lójú, ó sì sọ̀rọ̀ gígùn kan sí i.

"Kí ló sọ, Bàbá?" ni Nalin bèèrè láti ìdí ẹ̀rọ.

"N kò mọ̀," ni Bàbá Iolu wí, kò sì gba irùngbọ̀n rẹ̀ padà. "Ẹ lọ pe Nakou wá."